Àpótí òdòdó ìgbà ìrúwé fún inú ilé: láti orí pákó títí dé orí òdòdó

Àpótí tí a fẹ́ ṣe yìí gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50 nínú, ó fẹ̀ ní 20, ó sì jìn ní 13. Ìkòkò oníke kéékèèké 10 ni yóò wọ inú rẹ̀: òdòdó hyacinth mẹ́ta, òdòdó daffodil kúkúrú mẹ́ta, òdòdó muscari méjì, àti ewéko ivy méjì tí ẹ̀ka wọn yóò máa rọ̀ sílẹ̀ níwájú. Ẹni tó ń gbé ní Ìlú Ọba, tàbí níbikíbi tí òtútù ti ń mú gidi, lè ṣe é láìná owó púpọ̀. Tí ẹ bá tẹ̀ lé àwọn ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀, òdòdó náà yóò là ní nǹkan bí ìparí oṣù Kejì sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀pọ̀ igi ìta kò tíì ní ewé lórí.

Kí ẹ tó mú ayùn, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ju gbogbo ìyókù lọ. Òtútù ló ń mú àwọn òdòdó wọ̀nyí là, ooru ilé ló sì ń bà wọ́n jẹ́. Isu òdòdó, èyí tí wọ́n máa ń kọ bulb sí ara àpò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ti ní òdòdó kékeré nínú ikùn rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ilẹ̀ tí ìran rẹ̀ ti wá, òtútù ń mú níbẹ̀: hyacinth wá láti agbègbè Turkey, Syria àti Lebanon, ọ̀pọ̀ irú daffodil sì wá láti Spain àti Portugal. Isu náà máa ń wà nínú ilẹ̀ tútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àárín àkókò yẹn ni gbòǹgbò ń ta, tí igi òdòdó sì ń gba agbára tí yóò fi nà sókè. Tí ẹ bá gé òtútù yẹn kúrú, òdòdó yóò lóṣòó sínú ewé, yóò là níbẹ̀, yóò sì rọ níbẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àpótí tí kò yọrí sí rere, ibi tí wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra isu gbígbẹ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, kí ẹ gbìn ín, kí ẹ sì fún un ní òtútù fúnra yín. Ẹ sì lè dúró di oṣù Kìíní sí Kẹta, kí ẹ ra èyí tí àgbẹ̀ òdòdó ti gbìn tó sì ti hù nínú ìkòkò sẹ̀ǹtímítà 9. Àpótí kan náà ló gba méjèèjì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ la ó gbà lọ, torí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ ìkejì láìsí wàhálà.

Ohun tí ẹ máa rà

Fún àpótí: pákó páìnì tó nípọn ní mìlímítà 18, skúrù 16 tó nípọn ní mìlímítà 4 tó sì gùn ní 40, gọ́ọ̀mù pákó, sánpépà 120 àti 180, fáníìṣì olómi ife kékeré kan, ọ̀rá nínípọn irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ adágún inú ọgbà (sẹ̀ǹtímítà 75 × 45), àti ẹsẹ̀ rọ́bà kéékèèké mẹ́rin tí yóò gbé e kúrò lórí tábìlì.

Fún òdòdó: isu hyacinth mẹ́ta, isu daffodil 9, isu muscari 14, ivy kéékèèké méjì, ìkòkò oníke olójú mẹ́rin oní-sẹ̀ǹtímítà 9 tó ní ihò nídìí, lítà 10 compost (iyẹ̀pẹ̀ ìgbìn tí wọ́n ń tà nínú àpò) tí kò ní peat (ewéko jíjẹrà inú irà) nínú, àti perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́) díẹ̀. Daffodil tí ẹ máa béèrè ni Tête-à-tête, èyí tí Alec Gray, àgbẹ̀ òdòdó kan, mú jáde ní Cornwall ní England. Kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ ní gíga, igi kan sì lè gbé orí òdòdó méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má ra daffodil gíga tí wọ́n ń gbìn sí ẹ̀bá títì. Nínú ilé, ńṣe ló máa ṣubú.

Hyacinth mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà. Kì í ṣe torí ẹwà nìkan: Delft Blue, Carnegie funfun àti Pink Pearl kì í là lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí ọ̀kan bá ń tan, òmíràn á ti máa rọ. Carnegie ni a fara mọ́ jù fún àpótí yìí, torí pé daffodil ti pupa rúsúrúsú, muscari sì ti jẹ́ búlúù. Àwọ̀ funfun láàárín wọn ń fún ojú ní ìsinmi. Isu hyacinth tó dára máa ń tóbi, ó máa ń le bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó sì wúwo lọ́wọ́. Èyí tó fúyẹ́ tàbí tó rọ̀ nídìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ ó rí hyacinth kan tí wọ́n kọ prepared sí lára, tó sì wọ́n ju ìyókù lọ. Àgbẹ̀ ti fi ooru àti òtútù tọ́jú rẹ̀ kí ó lè là ní Kérésìmesì, bí wọ́n bá gbìn ín ní oṣù Kẹsàn-án. Fún oṣù Kẹta, owó yẹn kò pọn dandan. Èyí tó wà fún ọgbà ni kí ẹ rà.

Kíkan àpótí

Ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tí yóò jókòó sí. Àpótí yìí, tí a bá fi pákó rẹ̀ kún un, fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 23.6, bẹ́ẹ̀ ojú fèrèsé ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlú Ọba kò tó bẹ́ẹ̀. Tí tiyín bá tóóró, ẹ ṣe é ní ìlà ìkòkò kan ṣoṣo: kí inú rẹ̀ fẹ̀ ní 10.5, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ 14.1. Tí ẹ bá ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ṣe oní-ìlà méjì. Ó kún ojú dáadáa.

1. Ẹ gé pákó márùn-ún. Ìsàlẹ̀: 50 × 20. Ẹ̀gbẹ́ gígùn méjì: 53.6 × 14.8. Ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjì: 20 × 14.8. Sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà pákó ló ń bá oníbàárà gé e; ẹ kọ ìwọ̀n sórí ìwé kí ẹ sì fún wọn, torí igun tí ẹ̀rọ gé máa ń gún ju ti ayùn ọwọ́ lọ.

2. Ẹ lu ihò kéékèèké oní-mìlímítà 3 síbi tí skúrù yóò gbà: méjì ní igun kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fo èyí, tó fi skúrù wọ páìnì tààrà létí pákó, yóò gbọ́ tí pákó là, kò sì sí gọ́ọ̀mù tó ń tún un ṣe kó dára.

3. Ẹ to ìsàlẹ̀ sáàárín ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe sábẹ́ wọn. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ojú ìpàdé, ẹ de skúrù, ẹ nu gọ́ọ̀mù tó bá yọ kí ó tó gbẹ. Fáníìṣì kì í wọ ibi tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ sí, àbàwọ́n rẹ̀ á sì máa hàn.

4. Ẹ fi sánpépà 120 ha á, lẹ́yìn náà 180, kí ẹ máa tẹ̀ lé bí ìlà ara pákó ṣe lọ. Ẹ pa gbogbo etí òkè kí ó má ṣe mú.

5. Fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, nínú àti lóde, pàápàá orí tí ayùn gé. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọ igi. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan kí ó gbẹ dáadáa.

6. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé igun ọ̀rá náà. Ẹ ká a léra bí a ṣe ń ká bébà sí igun ẹ̀bùn, kí omi má bàa rí ọ̀nà jò. Ẹ fi ìṣó kéékèèké tàbí sítépù dè é ní sẹ̀ǹtímítà 2 sísàlẹ̀ etí àpótí, ẹ gé èyí tó bá ṣẹ́kù, kí ó má ṣe hàn síta.

7. Ẹ lẹ ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ abẹ́. Tí afẹ́fẹ́ kò bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú tábìlì yóò ní àbàwọ́n tí kì í lọ.

Nígbà tí gbogbo ìkòkò bá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú omi, yóò wúwo tó kìlógírámù 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rò ó kí ẹ tó gbé e ka orí pẹpẹ tí wọ́n kàn fi ìṣó méjì kọ́ mọ́ ògiri.

Kí ló dé tí a kò da iyẹ̀pẹ̀ sínú àpótí tààrà?

Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, òtútù tí irú kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kò gùn bákan náà. Tí ẹ bá gbin gbogbo wọn pọ̀, ẹ kò lè mú ọ̀kan wọlé kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Tí kálukú bá wà nínú ìkòkò tirẹ̀, ẹ ó to wọn sínú àpótí nígbà tí gbogbo wọn bá ti múra, èyí tó bá sì kọ́kọ́ rọ, ẹ ó yọ ọ́ kí ẹ fi òmíràn dípò rẹ̀. Ìkejì, àpótí wa kò ní ihò. Omi tó bá kóra jọ nídìí iyẹ̀pẹ̀ yóò mú kí isu náà jẹrà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àwọn kan gbà pé òkúta wẹ́wẹ́ tí a bá tẹ́ sí ìdí ìkòkò tí kò ní ihò ń yanjú èyí. Kò yanjú ẹ. Omi kì í tètè kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sáàárín òkúta. Yóò kọ́kọ́ dúró nínú iyẹ̀pẹ̀ náà lórí òkúta títí yóò fi rin gbingbin. Ohun tí òkúta ṣe ni pé ó gbé ibi tí omi ń dúró sí ga, ó sì mú un súnmọ́ gbòǹgbò.

Gbígbin isu

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Kristali kéékèèké tí wọ́n ń pè ní calcium oxalate wà lára èèpo hyacinth, ó sì máa ń mú kí ara yún ẹlòmíràn burúkú, pàápàá ọrùn àti ojú tí a bá fi ọwọ́ náà kàn.

Ẹ po compost ọ̀nà mẹ́ta mọ́ perlite ọ̀nà kan. Ẹ bu omi díẹ̀ sí i kí ó tutù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kán bí ẹ bá fún un lọ́wọ́. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìdajì lítà. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sí ìsàlẹ̀ láìkì í mọ́lẹ̀, ẹ gbé isu lé e, ẹ da iyókù yí i ká. Ẹ má fi ọwọ́ yí isu wọlẹ̀ bí ẹni ń de skúrù. Iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò ki, gbòǹgbò kò ní ráyè wọlẹ̀, á wá ti isu náà sókè títí yóò fi yọ lórí ìkòkò.

Hyacinth: ọ̀kan nínú ìkòkò kan, kí orí rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Daffodil: mẹ́ta, kí ṣóńṣó orí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hàn. Muscari: méje, kí iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ létí ìkòkò fún omi. Ẹ bomi rin wọn títí omi yóò fi yọ nídìí, kí ẹ jẹ́ kí ó ro tán. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sára ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kìíní, gbogbo ìkòkò máa ń jọra wọn.

Òtútù: apá tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀

Ìwọ̀n tí a ń wá jẹ́ 4°C sí 9°C, nínú òkùnkùn. Daffodil ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ 15, muscari 13, hyacinth lásán 12. Hyacinth oní-prepared ń fẹ́ 10. Ẹ ka ọjọ́ padà láti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ mú wọn wọlé. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kejì, a jẹ́ pé daffodil yóò wọ òtútù ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá, muscari ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, hyacinth ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpótí náà fún ìyá rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìyá tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ìlú Ọba ń ṣe, èyí tó bọ́ sí Sunday kẹrin nínú Lẹ́ńtì, kí ó wo kàlẹ́ńdà ọdún náà kó tó gbìn ín, torí ọjọ́ yẹn lè bọ́ síbikíbi láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin. Tí ọjọ́ bá jìn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i. Ìyẹn kò pa wọ́n lára. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá gé kúrò ló ń pa wọ́n lára.

Ibo ni kí a gbé wọn sí? Gáréèjì tí kò ní ẹ̀rọ amúlémóoru dára. Ṣẹ́ẹ̀dì inú ọgbà náà dára. Ẹni tó ń gbé fúláàtì tó ní bákónì lè kó wọn sínú páálí, kí ó fi ọ̀rá dúdú bò ó, kí ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í tàn sí. Oòrùn ọ̀sán kan lè mú inú ọ̀rá dúdú gbóná ju bí ẹ ti rò lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ àríwá fi dára jù. Bí omi bá fẹ́ dì nínú ìkòkò, ẹ fi aṣọ àtijọ́ tàbí ìwé ìròyìn wé páálí náà lálẹ́.

Fíríìjì ṣeé lò bí kò bá sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀: kí ápù, píà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ má ṣe bá isu wà nínú fíríìjì kan náà. Èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì ethylene jáde, gáàsì yẹn sì máa ń pa òdòdó kékeré tó wà nínú isu láìba èèpo rẹ̀ jẹ́. Ewé yóò hù dáadáa, ẹ ó sì dúró de òdòdó títí láìrí i.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ yọjú wò wọ́n. Iyẹ̀pẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù lọ́wọ́. Tí ó bá gbẹ pátápátá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn tí gbòǹgbò ti ta, òdòdó lè gbẹ nínú isu níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i.

Mímú wọn wọlé

Ẹ má fi kàlẹ́ńdà nìkan ṣe é. Ẹ yí ìkòkò sókè: gbòǹgbò funfun gbọ́dọ̀ ti yọ lójú ihò. Ọ̀mùnú hyacinth gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, tí ẹ bá sì rọra fi ìka tẹ ìdí rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé òdòdó ti jáde kúrò nínú ọrùn isu. Tí ẹ kò bá rí méjèèjì, ẹ dá a padà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé, yàrá tó tutù jù ni kí wọ́n wà, ní nǹkan bí 10°C, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Ọ̀mùnú tó ti funfun tàbí tó ti pọ́n nínú òkùnkùn yóò di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé wọn sí ojú fèrèsé tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ní 15°C, kí ó má ṣe kọjá 18. Ẹ máa yí ìkòkò díẹ̀ lójoojúmọ́, torí pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ni gbogbo wọn ń tẹ̀ sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, òdòdó á bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlú Ọba fi ẹ̀rọ amúlémóoru sí abẹ́ fèrèsé gan-an. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú yàrá ló wá di ibi tó gbóná jù. Ẹ pa ti abẹ́ fèrèsé yẹn, tàbí kí ẹ gbé àpótí lọ sí fèrèsé míì. Nígbà tí ẹ bá ti aṣọ fèrèsé lálẹ́, ẹ rí i pé àpótí kò há sáàárín aṣọ àti gíláàsì bí yìnyín bá ń dì lóde.

Tí ẹ bá ń ra èyí tó ti hù

Ẹ yan èyí tí òdòdó rẹ̀ kò tíì là. Hyacinth tó dára láti rà ni èyí tí orí rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé láàárín ewé, tí àwọ̀ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ díẹ̀. Daffodil: kí òdòdó rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. Èyí tó ti là gbogbo rẹ̀ lẹ́wà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni yóò ti lo ìgbà ayé rẹ̀. Ẹ wo ìdí ìkòkò. Tí ó bá ń rùn tàbí tí omi ń kán, ẹ fi sílẹ̀. Ewé gígùn tó ti pọ́n tó sì ń ṣubú ń sọ fún yín pé ooru ti pọ̀ fún un kó tó dé ibẹ̀.

Títò sínú àpótí

Ìlà ẹ̀yìn: daffodil, hyacinth, daffodil, hyacinth, daffodil. Ìlà iwájú: ivy, muscari, hyacinth, muscari, ivy. Hyacinth mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wá dúró bí àdògán, ojú yóò sì kọ́kọ́ bọ́ sí wọn. Tí àpótí náà yóò wà láàárín tábìlì, tí àwọn èèyàn yóò máa wò ó lọ́tùn-ún lósì, ẹ kó ivy sí igun méjì tó dojú kọra.

Ìkòkò tó bá rẹlẹ̀ ju ìyókù lọ, ẹ fi páálí tí ẹ fi ọ̀rá wé gbé e sókè. Kí gbogbo ẹnu ìkòkò wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sísàlẹ̀ etí àpótí, kí àyè lè wà fún moss, ìyẹn koríko múlọ́múlọ́ tó máa ń bo ara òkúta àti igi ní ibi tútù. Ẹ rì í sínú omi, ẹ fún un, ẹ fi bo gbogbo ike títí kò fi sí èyí tó hàn mọ́. Ẹ rà á, tàbí kí ẹ ha á kúrò nínú koríko ọgbà yín níbi tó ti ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ má lọ wú u nínú igbó tí kì í ṣe tiyín láìgba àṣẹ.

Ẹ ki ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́, hazel tàbí birch, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 sáàárín ìkòkò, bíi mẹ́fà tàbí méje. Wọ́n fún àpótí ní ìrísí igbó, wọ́n sì ń gbé hyacinth ró nígbà tí orí rẹ̀ bá wúwo. Ẹ tètè ṣe é kí òdòdó tó ṣubú. Èyí tó ti tẹ̀ kì í tún gún mọ́.

Òórùn hyacinth mẹ́ta kún yàrá. Pálọ̀ ló yẹ ẹ́. Nínú yàrá ìsùn kékeré, ó lè fọ́ ẹlòmíràn lórí.

Omi

Ẹ máa gbé ìkòkò wò lọ́wọ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó bá fúyẹ́ ń fẹ́ omi: ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tàbí mẹ́rin, sí etí ìkòkò, kì í ṣe sí àárín ewé hyacinth, torí pé ibẹ̀ ló ti ń jẹrà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi kànrìnkàn fa omi tó bá wà nílẹ̀ ọ̀rá. Ẹ kò nílò ajílẹ̀ títí òdòdó yóò fi rọ.

Bí nǹkan kò bá lọ déédéé

Hyacinth ń là nínú ewé láìga: òtútù kò tó, tàbí ẹ tètè mú un wọ ibi gbígbóná. Ẹ fi bébà ṣe ìkòtò bí èyí tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà, ẹ gé orí rẹ̀ díẹ̀, ẹ dé e lórí fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún níbi tó tutù. Igi òdòdó lè nà tọ ìmọ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Orí daffodil gbẹ di bébà kó tó là: iyẹ̀pẹ̀ gbẹ nígbà kan, tàbí ooru pọ̀ lẹ́yìn tí orí ti yọ. Ewé nìkan ni kò sí òdòdó rárá: isu kéré jù, tàbí èso wà nínú fíríìjì. Ewé gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń ṣubú: ìmọ́lẹ̀ kéré, ooru pọ̀.

Nǹkan àwọ̀ ewé tàbí búlúù tó bu sára èèpo isu gbígbẹ, tí isu náà ṣì le, ẹ nù ún kúrò kí ẹ gbìn ín. Isu tó rọ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Kantíkantí dúdú kéékèèké tó ń fò lórí iyẹ̀pẹ̀ ń sọ pé omi ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ojú iyẹ̀pẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì gbé bébà aláwọ̀ ìyeyè tó ń lẹ̀ sínú àpótí.

Ẹ má kó isu òdòdó wọ ilé ìdáná

A ń tẹnu mọ́ èyí fún ilé tí ó ń se ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Isu daffodil jọ àlùbọ́sà púpọ̀, májèlé tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní lycorine, sì ń fa èébì àti inú rírun kíákíá. Ní ọdún 2009, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Suffolk ní England ṣàárẹ̀ nítorí pé isu daffodil bá àlùbọ́sà wọ inú ọbẹ̀ tí wọ́n sè nílé ìwé. Ní 2015, àjọ ìlera Public Health England kọ̀wé sí àwọn ilé ìtajà ńlá pé kí wọ́n má ṣe tò daffodil sẹ́gbẹ̀ẹ́ èso àti ẹ̀fọ́. Ẹ fi isu sínú àpò tí ẹ kọ orúkọ sí, kí ó jìnnà sí agbọ̀n àlùbọ́sà. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́ ní Ìlú Ọba, ẹ pe 111, tàbí 999 bí ara rẹ̀ kò bá yá gidi. Hyacinth àti daffodil kò dára fún ajá àti ológbò náà, pẹ̀lú omi tó bá rọ jọ nínú àpótí.

Fún ẹni tó wà ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Kútọnu

Àpótí náà dára, òdòdó rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Isu tí ẹ bá fi fíríìjì tọ́jú fún oṣù mẹ́ta lè hù, ṣùgbọ́n nínú ooru 30°C yóò là, yóò sì rọ kíákíá. Hippeastrum, tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí amaryllis, ti ilẹ̀ gbígbóná Gúúsù Amẹ́ríkà wá, kò sì dúró de òtútù kankan. Ẹ gbin ọ̀kan sínú ìkòkò sẹ̀ǹtímítà 15, kí ìdá kan nínú mẹ́ta isu náà yọ lókè iyẹ̀pẹ̀. Ìkòkò yẹn gba àpótí tó jìn ní 16, ẹ sì lè to mẹ́ta sínú rẹ̀.

Nígbà tí òdòdó bá rọ

Ẹ gé orí òdòdó tó ti rọ kí ó má bàa so èso, ṣùgbọ́n ẹ má gé ewé, ẹ má sì ta á ní kókó. Ewé ni isu fi ń kó oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ jọ, ó sì ń fẹ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ gbé ìkòkò lọ sí ìta níbi tí oòrùn ń dé, ẹ fún wọn ní ajílẹ̀ tòmátì tí ẹ fi omi là, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ewé bá gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ gbin wọ́n sínú ọgbà: daffodil ní sẹ̀ǹtímítà 15 sínú ilẹ̀, hyacinth náà bẹ́ẹ̀, muscari ní 8. Ẹ má tún lo isu kan náà fún inú ilé lọ́dún tó ń bọ̀, torí pé ó ti ná agbára rẹ̀ tán. Nínú ilẹ̀, daffodil àti muscari yóò máa pọ̀ sí i. Orí hyacinth yóò kéré sí ti tẹ́lẹ̀, òdòdó rẹ̀ yóò fọ́nká díẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì ní dín kù. Ẹ fọ ọ̀rá inú àpótí pẹ̀lú omi ọṣẹ, ẹ jẹ́ kí pákó gbẹ nínú afẹ́fẹ́, ẹ fi fáníìṣì kan etí tó bá ti há, ẹ sì lè gbin ẹ̀fínrín sínú àwọn ìkòkò náà láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án.